Ebi Nínú Àwo Màmá

Àwo Màmá nìkan ló ń tàn. Gbogbo àwo yòókù tó wà nínú àpótí olóoru ní láàbù wa ló ṣókùnkùn bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ti Màmá ń tan iná aláwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ tí mo bù sí i láàárọ̀ ọjọ́ náà ṣì kún un dẹ́múdẹ́mú.

Màmá ti dolóògbé nígbà náà. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n gbà kí dókítà gé ẹran ara bíńtín lápá wọn fún iṣẹ́ mi. Wọ́n ní, "Bó bá máa ran àbúrò rẹ lọ́wọ́, ẹ gé e." Télọ̀ ni àbúrò mi, àtọ̀gbẹ sì ti ń bá a fínra láti kékeré. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe yan iṣẹ́ yìí. Mò ń wádìí bí àwọn sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tíntìntín tó para pọ̀ di ara, ṣe ń ránṣẹ́ síra wọn, àti bí wọ́n ṣe ń sọ ṣúgà di agbára. Inú àwo la ti ń fi omi oúnjẹ bọ́ wọn, a sì máa ń fi aró kan sí wọn: tí ebi bá ń pa wọ́n, wọ́n á tàn, tí wọ́n bá yó, iná á kú.

"Ẹ wá wo nǹkan," ni mo sọ fún ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí pé kì í fọ́ àwo, kì í sì í gbé ohùn sókè.

Ó tẹjú mọ́ máíkírósíkóòpù. Ó wá yíjú sí mi.

"Dókítà, iná yìí ń rìn."

Òótọ́ ni. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti etí àwo, ó ń ti ara sẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sára òmíràn títí dé òdìkejì, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ò sì fara kanra. A da omi oúnjẹ yẹn nù, a bu tuntun sí i. Ṣe ni kíkàn náà tún yára sí i.

"Oúnjẹ wà nílẹ̀, ebi ń pa á," ni Jẹ́jẹ́ rọra wí. "Bí àìsàn àbúrò yín gẹ́lẹ́."

Ó fẹ́ fi pa mí lẹ́rìn-ín ni, àmọ́ àyà mi já. Mo pe àbúrò mi lórí fóònù. Ó dún títí, kò gbé e. Mo tún pè. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ jù sílẹ̀, mo sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Oòrùn ṣì ń mú nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ṣì ń kùn, aṣọ há sẹ́nu abẹ́rẹ́. Òun gan-an nà gbalaja sẹ́yìn tábìlì, òógùn bò ó, kò mọ̀ pé mo wọlé. Ó ti gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì rẹ̀, èyí tó ń fa ṣúgà ara wálẹ̀, láàárọ̀, iṣẹ́ oníbàárà gbà á lọ́kàn, ó gbàgbé láti jẹun. Mo bu ṣúgà, mo fi ìka pa á mọ́ ọn ní èrìgì, mo ké sáwọn aládùúgbò. A gbé e dé ọsibítù.

Dókítà ibẹ̀ fà mí sí kọ̀rọ̀. "Bí ṣúgà ara rẹ̀ ṣe lọ sílẹ̀ tó, tó sì ti pẹ́ nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò yẹ kó ṣì máa mí. Mi ò mọ ohun tó gbé e ró."

Nígbà tí àbúrò mi lajú, ó di ọwọ́ mi mú. "Àǹtí, kí ẹ tó dé, ẹnì kan ti ń kán nǹkan dídùn sí mi lẹ́nu."

"Ta ni?"

"Mi ò rójú ẹni náà. Ọwọ́ rẹ̀ ṣáà gbóná."

Mo kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, mo dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Jẹ́jẹ́ ń dúró dè mí. Iná ti kú nínú àwo Màmá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti kú pẹ̀lú.

"Ebi ló pa wọ́n," ló wí.

"Nínú oúnjẹ?"

"Mo wọn omi náà. Kò sí ṣúgà nínú rẹ̀ mọ́ rárá." Ó gbé àwo náà sínú ìmọ́lẹ̀. "Bí sẹ́ẹ̀lì bá jẹun, omi yìí máa ń di yẹ́lò. Ẹ wò ó, bó ṣe pupa nígbà tá a bù ú náà ló ṣì rí. Ṣúgà ti lọ, Dókítà, wọn ò sì tọ́ ọ wò."

Mo rántí ọwọ́ gbígbóná tó ń kán nǹkan dídùn sí àbúrò mi lẹ́nu.

Nígbà tí ara àbúrò mi yá, ó ní kí n mú òun wá síbi iṣẹ́. Mo fi fìrísà tí ìyókù sẹ́ẹ̀lì Màmá wà nínú rẹ̀ hàn án. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀kùn rẹ̀. "Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ ṣé gan-an ni." Ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń gbọ́ràn. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kí ló dé?" ni mo bi í.

"Wọ́n ní ẹ̀yin náà ò tíì jẹun."

Ọ̀sán ti pọ́n, omi lásán ò tíì kàn mí lẹ́nu láti òwúrọ̀, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá, mo sì lọ jẹun. Jẹ́jẹ́ tẹ̀ lé wa kíákíá. Kò fẹ́ kó ku òun nìkan níbẹ̀.