Ihò Méjì, Ilẹ̀kùn Kan

Ọjọ́ tí káfíńtà kọ́kọ́ rí Tísà, èébì ló fi kí i.

Ẹ má bú u. Ilé adìẹ àtijọ́ ni Tísà fẹ́ sọ di ilé ìwé, ìgbẹ́ adìẹ inú ẹ̀ sì mu èèyàn dé orúnkún. Òórùn yẹn! Eṣinṣin gan-an, láti ìta ló ti ń yọjú wò ó.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," Tísà ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ ṣì máa lè ṣe bẹ́ǹṣì wa báyìí?"

Káfíńtà nu ẹnu. Ó wo eyín funfun yẹn, ìfẹ́ àti òórùn jọ kó wọ ọ́ lára.

"Bẹ́ǹṣì lásánlàsàn? Ilé ìwé mẹ́ta lèmi yìí kà jáde. Kí ni mi ò mọ̀ níbẹ̀?"

Irọ́ gbuu! Kò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n jọ fi ha ìgbẹ́ adìẹ. Kó tó tán, Tísà ti ń pè é ní "Àkùkọ mi", òun náà ń pè é ní "Adìẹ mi àtàtà". Ìyá Tísà kì í wá síbẹ̀ láìfi áńkáṣíìfù bo imú.

"Ọmọ tí mo rán lọ yunifásítì! Inú ìgbẹ́ ló ti lọ rí ọkọ. Ó ń rí mi lára."

Ọmọ méje ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin, obìnrin mẹ́ta. Lọ́dún kejì wọ́n ti di ọgọ́rin. Káfíńtà ní ẹgbẹ̀rún ni. Ṣáláńgá wọn bá kún. Nígbà ìsinmi, káfíńtà kọ́ tuntun. Ó ní kí Tísà má yọjú títí òun á fi parí.

Ọjọ́ tí wọ́n wọlé padà ni wolé-wolé dé. Ó ṣílẹ̀kùn ṣáláńgá, ó fò sẹ́yìn.

"Ihò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ilẹ̀kùn kan? Fún ọkùnrin àti obìnrin? Ẹ̀gbin! Tí tàwọn obìnrin ò bá dá wà kó tó di ọjọ́ Ẹtì, màá ti ilé ìwé yìí pa."

Tísà yíjú sí káfíńtà. "Èwo nínú ilé ìwé mẹ́ta yẹn lo ti rí irú èyí?"

"O ní nílé ìwé wa, tọkùnrin tobìnrin á jọ wà pọ̀ ni... Adìẹ mi, mi ò lọ sílé ìwé rí."

"Mo ha ìgbẹ́ pẹ̀lú ẹ, kò rí mi lára. Irọ́ yìí ló rí mi lára. Kúrò níwájú mi!"

Kò lọ. Ó kó lébìrà mẹ́ta wá, wọ́n gbẹ́ kòtò tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ tó ti kún. Lọ́jọ́bọ̀, ògiri àárín wọn ya. Gbogbo ohun tí àwọn ọmọ ti jẹ láti ọdún méjì ya lu káfíńtà, ó mù ún dé àyà. Àwọn lébìrà sá. Mo lè búra pé wọn ò tíì dúró dòní. Òun nìkan ló ń fi garawa gbọ́n ọn, tó ń bì, tó tún ń gbọ́n ọn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wolé-wolé bá ilé méjì, ilẹ̀kùn méjì. Ó fọwọ́ sí ìwé, ó sá lọ.

Ìyá Tísà dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó di imú. "Ẹ gbé ọṣẹ fún un. Ẹ gbé e ní mẹ́wàá!"

Tísà fi ọwọ́ kan di imú tiẹ̀, ó fi ìkejì na ṣọ́ọ̀kì sí i. "Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́jọ, kíláàsì àkọ́kọ́. Wẹ̀ kó o tó wá."

"Ìgbéyàwó wa ńkọ́?"

"Ọjọ́ tó o bá kọ orúkọ mi sójú pátákó."

Ó ní ọjọ́ mẹ́ta lòun fi mọ̀ ọ́n kọ. Oṣù mẹ́ta ni, lórí bẹ́ǹṣì tó fọwọ́ ara ẹ̀ kàn, pẹ̀lú orúnkún lágbọ̀n, láàárín àwọn ọmọ ọdún márùn-ún.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyá ìyàwó ṣì fi áńkáṣíìfù bojú bomú. Ó ní ẹkún lòun ń nù.