Bàtà Agunkè

Lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Aránbàtà, orí ló fi gbá àtẹ́rígbà. Ó ga ju ẹni tí wọ́n ṣe ilẹ̀kùn náà fún lọ. Ó fọwọ́ pa iwájú orí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Òkè ò pa mí, ilẹ̀kùn yín ló fẹ́ pa mí."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Aránbàtà kó tó mọ̀. Bàtà àwọn tó ń gun òkè àtàwọn tó ń la aginjù kọjá ló ń tún ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ kò rìn kọjá ìpẹ̀kun àdúgbò wọn rí. Ọkùnrin náà gbé bàtà ńlá méjì sórí tábìlì, àtẹ́lẹ̀ wọn ti ń lanu. Ó ní Agunkè làwọn èèyàn ń pe òun, òun sì fẹ́ padà sórí òkè ńlá kí òjò tó dé. Ó dágbére, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò tíì yà ní kọ́nà tí ìyá Aránbàtà fi ya kọ́tínì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀yìn kọ́tínì yẹn ni tìyá tọmọ ń gbé.

"Ohùn yẹn," ló wí. "Ohùn tó bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù nìyẹn."

Aránbàtà kò béèrè fóònù wo. Ó yíjú sí pẹpẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Bàtà ẹni tó ń padà bọ̀ wá gbà á ni wọ́n máa ń gbé síbẹ̀. Ti ẹni tí kò ní padà wá mọ́, inú àpótí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń jù ú sí, tí wọ́n á gé awọ rẹ̀ fi lẹ ti ẹlòmíràn. Bàtà kan ṣoṣo ló ti pẹ́ lórí pẹpẹ náà tí màmá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ti ẹ̀gbọ́n Aránbàtà ọkùnrin ni. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n jọ gun òkè ńlá, ọ̀rẹ́ nìkan ló sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rẹ́ yìí kò wá fojú kan ìyá ọlọ́fọ̀. Orí fóònù ló ti sọ pé ó rẹ ọmọ wọn lójú ọ̀nà, ó dá padà, òun ò sì rí i mọ́. Ó sọ ọ́ tán, ó pa fóònù. Màmá ò gbà á gbọ́ títí dòní.

"Tún bàtà náà ṣe fún un," ni màmá wí. "Ṣùgbọ́n kó má gbé e sọ̀ kalẹ̀."

Ká sòótọ́, bí màmá ò bá tiẹ̀ sọ ọ́, Aránbàtà ti ń rò ó. Ó wá òwú kan tí omi ti bà jẹ́ jáde, ó fi ìda kùn ún títí ó fi ń dán bíi tuntun. Irú òwú bẹ́ẹ̀ á gbé èèyàn rìn dáadáa nílẹ̀ tó tẹ́jú. Tó bá dé orí àpáta, á já. Ó lejú koko, ó ń rán an. Ẹ̀san ò gbóògùn, ohun tó ń sọ nínú ara rẹ̀ nìyẹn.

Àṣé Agunkè kì í ṣe ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sílé dúró de bàtà. Ojoojúmọ́ ló ń yọjú. Aránbàtà á ní gọ́ọ̀mù ò tíì gbẹ, kó lè wò ó dáadáa bí ẹni ń wo àgbò tó fẹ́ pa. Wíwò yìí ló kó bá a. Agunkè á gbé bàtà oníbàtà, á bi í pé ibo lèyí ti lọ, Aránbàtà á wo ẹrẹ̀ inú ojú ìrán rẹ̀, á sọ ọ́, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ó di ọjọ́ kan, Agunkè ní èèyàn tó mọ ẹrẹ̀ gbogbo ayé tí kò tẹ ọ̀kan rí, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ó mú un gun òkè tó wà lẹ́yìn ìlú.

Afẹ́fẹ́ òkè yẹn fẹ́ wọ inú Aránbàtà. Ó rí odò, ó rí igbó, ó rí òrùlé ilé wọn tó kéré bí ìdérí ìkòkò, ó sì pariwo ẹ̀rín bí ọmọdé. Níbi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀, Agunkè di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tí wọ́n dé ibi tó tẹ́jú, kò jù ú sílẹ̀, Aránbàtà náà kò sì gbà á padà. Ìfẹ́ ọkùnrin náà wọ̀ ọ́ lára, ó sì kórìíra ara rẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ìyá kì í ṣe afọ́jú. "Ọwọ́ tó ju ọmọ mi sílẹ̀," ló wí lálẹ́ ọjọ́ náà, "òun lo wá dì mú yẹn o."

Aránbàtà mú ọkàn le. Kò tú òwú náà.

Nígbà tó yá, Agunkè wá gba bàtà. Okùn wà léjìká rẹ̀, ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀. Aránbàtà bẹ̀rẹ̀, ó ń bá a so okùn bàtà, kò gbójú sókè.

"Ọ̀gá mi," ni Agunkè wí, "tí mo bá dé, mo fẹ́ kí o jẹ́ aya mi. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí o fẹ́ ẹni tí o ò mọ̀. Èèyàn kan wà lórí òkè yẹn tí mo fi sílẹ̀. Ó já sínú kòtò yìnyín, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ó ń pè mí. Ìjì ń bọ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo sá. Mo wá purọ́ fún ìyá rẹ̀. Ọdọọdún ni mo ń padà lọ wá a, mi ò rí i. Ọdún yìí, yìnyín ti yọ́, àwọn darandaran rí ẹ̀wù pupa kan níbẹ̀. Mo fẹ́ lọ gbé e wálé."

Ọwọ́ Aránbàtà dúró. Ẹ̀wù pupa náà, òun ló bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rán bọ́tìnnì rẹ̀. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀: bàtà tó bà jẹ́ láti fi gbẹ̀san ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun ni ìbá gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wálé.

Ó bọ́ bàtà náà lẹ́sẹ̀ Agunkè. Ó fi ọwọ́ lásán fa àtẹ́lẹ̀ rẹ̀, ó sì ṣí.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ló wí. "Èmi ni mo ṣe èyí. Mo fẹ́ kí o kú síbẹ̀."

Agunkè wo bàtà, ó wo ojú rẹ̀. "Ó tọ́ sí mi," ló wí. "Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n gbé e wálé ná. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá wù ọ́ ni kí o fi mí ṣe."

"Mò ń bá ọ lọ. Ẹni tó ti kọ etí ikún sí igbe lẹ́ẹ̀kan, mi ò lè fi ẹ̀gbọ́n mi síkàáwọ́ rẹ̀. O máa gbé e fún màmá mi, o sì máa fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ lójú wọn."

Ó fi òwú tuntun rán ti Agunkè, ó sì wá èyí tó bá ẹsẹ̀ tirẹ̀ mu. Wọ́n la igbó kọjá, wọ́n fẹsẹ̀ la odò tútù, wọ́n sun inú àgọ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbá bí ilẹ̀kùn. Okùn kan náà ló so wọ́n pọ̀ lórí yìnyín. Ìgbà kan wà tí Agunkè yọ̀ tó ń rọ̀ dirodiro, Aránbàtà nìkan ló di okùn náà mú. Ó rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ bó, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kò jù ú sílẹ̀. Nígbà tí Agunkè gòkè tán, Aránbàtà gbá a létí, ó dì mọ́ ọn, ó sunkún. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí ẹ̀wù pupa náà.

Agunkè nìkan ló gbé òkú náà sọ̀ kalẹ̀. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Ó gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú màmá.

"Mà, èmi ni mo pè yín lórí fóònù. Irọ́ ni mo pa fún yín. Èmi ni mo fi í sílẹ̀."

"Ṣé ó pè ọ́?" ni màmá béèrè.

"Ó pè mí, Mà."

"Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Màmá gbé ọwọ́ lé ẹ̀wù pupa náà. Aránbàtà dúró ti Agunkè, ó ní, "Màmi, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Mo mọ̀," ni màmá wí. Ó yíjú sí Agunkè. "O gbé ọmọ kan wá fún mi, o wá fẹ́ gba ìkejì lọ. Rárá."

Agunkè kò bẹ̀bẹ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní ẹsẹ̀ òun ò yẹ ohun tí ọwọ́ ọmọ wọn rán. Ó tẹ orí ba kó má baà gbá àtẹ́rígbà, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán jáde.

Omijé ò jẹ́ kí Aránbàtà ríran dáadáa. Ó gbé bàtà náà, ó ṣí àpótí ìsàlẹ̀.

"Gbé e wá," ni màmá wí.

Màmá gun àpótí ìjókòó, ó sọ bàtà ọmọ rẹ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó gbá a mọ́ àyà. Ọmọ náà ti dé. Ibi tí bàtà náà wà tẹ́lẹ̀ mọ́ tónítóní láàárín eruku. Màmá wò ó títí.

"Mi ò tíì dárí jì í o," ló wí. Ó wá gbé bàtà Agunkè síbẹ̀.