Àsíá Tó Wà Nílẹ̀

"Àsíá ẹ ló jábọ́ yẹn. Mú un."

"Tìẹ ni. Ìwọ mú un."

"Tèmi rèé lọ́wọ́ mi. Àbí ojú ń dùn ẹ́ ni?"

"Ẹni tó ní ọ̀kan lè ní méjì. Olójúkòkòrò."

Bàbá méjì ló ń jà báyìí, Eusebio Barragán àti Crisanto Magbanua, nínú gbọ̀ngàn kọ́ọ̀tù ní Stockton. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nawọ́ ọ̀tún sókè búra tán, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ Amẹ́ríkà. Ìrẹsì ò tíì lè jinná látìgbà yẹn, ìjà ti dé. Àsíá tí wọ́n ń jà lé lórí, ọ̀kan lára èyí tí wọ́n pín fún kálukú, ò sì gùn ju ọmọrogùn lọ. Ó wà nílẹ̀ láàárín bàtà wọn.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí obìnrin kan fi ké lẹ́yìn wọn.

"Ìwé mi dà?"

Felisa ni, àbúrò Crisanto. Òun náà búra láàárọ̀ yẹn. Ó fi àpòòwé ẹ̀ sórí àga, ó lọ ya fọ́tò. Nígbà tó padà dé, lẹ́tà ìkíni kú oríire ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ìwé-ẹ̀rí pé ó ti di ọmọ onílùú ti fò lọ.

Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́. Wọ́n ti gba gíríìn káàdì, ìwé ìgbélùú ẹ̀, lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n ṣe ń gbà á lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá wá búra. Láìsí ìwé yẹn, kò sí pásípọ́ọ̀tù. Tó bá ní kí wọ́n ṣe òmíràn fún òun, irùngbọ̀n á hù lágbọ̀n ẹ̀ kó tó dé. Bẹ́ẹ̀, Nenita ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin wà lórí àìsàn ní Iloilo, ìlú ìbí wọn. Ọ̀sán yẹn gan-an ni Felisa fẹ́ lọ ṣe pásípọ́ọ̀tù, kó lè tètè lọ rí i.

Sájẹ́ǹtì Odessa Pruitt, obìnrin ọlọ́pàá kọ́ọ̀tù, ti ilẹ̀kùn pa. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde. Ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n, kó rọra máa jó."

Ẹni mẹ́ta ló wà nítòsí àga yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Eusebio.

"Bàbá, kí ló wà nínú báàgì yín?"

"Oúnjẹ."

Òótọ́ ni. Tàmálè, oúnjẹ àgbàdo bí ẹ̀kọ, ló kún ibẹ̀, ó ṣì ń gbóná. Sájẹ́ǹtì tú gbogbo ẹ̀ wò, títí kan ewé tí wọ́n fi pọ́n ọn.

Ó kàn Tillie Voss, màmá tó ń pín fọ́ọ̀mù ìdìbò. Ìwé tó wà lọ́wọ́ màmá yìí pọ̀ tó ìwé ilé ẹjọ́. Wọ́n ṣí i níkọ̀ọ̀kan. Fọ́ọ̀mù ni gbogbo ẹ̀.

"Tí ẹ ti wá fọwọ́ kan gbogbo ẹ̀ yìí," màmá náà wí, "ẹ ò ní kúkú dìbò?"

Ó ku Crisanto. Ìwé-ẹ̀rí kan ló wà nínú àpòòwé tiẹ̀, orúkọ ẹ̀ ló sì wà lára ẹ̀.

"Bàbá, ẹ jókòó ká sọ̀rọ̀."

"Ìdúró wù mí."

"Láàárọ̀, ẹ̀rọ tó ń wá irin lẹ́nu ọ̀nà ké lójú àyà yín. Kí lẹ sọ fún mi pé ó jẹ́?"

"Mo ní ọkàn irin ni mo ní."

"Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kẹ́ ẹ kọjá. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ta ló ṣọ́ àpòòwé àbúrò yín nígbà tó lọ ya fọ́tò?"

"Èmi ni. Mo kàn bojú wẹ̀yìn díẹ̀."

Sájẹ́ǹtì wo gbogbo gbọ̀ngàn. Kálukú ló mú àsíá dání. Ẹnì kan ṣoṣo ni ọwọ́ ẹ̀ ṣófo.

"Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sunkún nígbà tẹ́ ẹ̀ ń búra, ẹ wá jẹ́ kí àsíá yín wà nílẹ̀?"

"Tọ̀gbẹ́ni yẹn ni."

"Ó dáa. Ẹ bá mi mú un."

Crisanto ò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi orúnkún rọra sọ̀kalẹ̀ bí ìyàwó tó ń kí ìyá ọkọ, ẹ̀yìn ẹ̀ gún ganboro bíi pátákó. Ó dé ìdajì ọ̀nà, orúnkún kọ̀. Nǹkan sì dún ràkà lẹ́yìn ẹ̀.

Sájẹ́ǹtì gbé ẹ̀yìn kóòtù ẹ̀ sókè. Ìwé Felisa rèé tí Crisanto fi bọ ẹ̀yìn ṣòkòtò, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí ojú kíká kankan lára ẹ̀.

"A ní kẹ́nikẹ́ni má ká ìwé yìí," Sájẹ́ǹtì wí. "Olè tó ń gbọ́ràn rèé o."

Felisa di kóòtù ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mú níwájú. "Bùọ̀dá, kí ni mo fi ṣe yín?"

Kóòtù ṣí. Píìnì dúdú kékeré kan wà lábẹ́ ẹ̀, lójú àyà òsì. Ọwọ́ Felisa dúró síbẹ̀. Nílé wọn, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ló ń fi píìnì yẹn sáyà, ìta ló sì ń fi í sí.

"Ta ló kú?"

Crisanto wolẹ̀.

"Nenita ńkọ́, Bùọ̀dá?"

"Ó ti lọ," Crisanto wí. "Ó ti pẹ́ díẹ̀. Mo ní kí wọ́n má sọ fún ẹ."

"Mo fẹ́ lọ nígbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀."

"Èmi ni mo ní kó o dúró búra ná. Mo ní ó máa dúró dè ẹ́. Kò dúró. Tó o bá gba pásípọ́ọ̀tù, wàá débẹ̀, wàá bá sàréè, wàá mọ̀ pé èmi ni mi ò jẹ́ kó o bá a láyé. Mo kàn ń wá àyè díẹ̀ sí i tó ò ní tíì mọ̀."

Felisa yọ píìnì náà, ó fi í sáyà ara ẹ̀, níta, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i.

"Màá lọ. Màá sọ fún un níbi sàréè, ẹni tó dá mi dúró."

"Ṣé ká mú ẹ̀gbọ́n yín?" Sájẹ́ǹtì bi Felisa.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ibo ló máa sá sí tí kò ní bá ara ẹ̀?"

Crisanto nu imú. "Ṣùgbọ́n o ti búra. Ká ní mo sọ fún ẹ ni, o ò ní lè búra. Wò ó, mo kúkú gbọ́n."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ tẹ̀ wẹ́rẹ́, ó mú àsíá nílẹ̀, ó nà án sí Eusebio.

"Gba àsíá ẹ."

Eusebio gbé tiẹ̀ sókè.

Crisanto fi èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ sórí àga Eusebio. "Ṣé o rí i? Tìẹ ni," ó wí, ó sì bọ́ síta, ẹ̀yìn ẹ̀ tún gún ganboro bí ẹni tí ìwé ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀.