Títí Yìnyín Yóò Fi Rọ̀

Ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ni: ọkùnrin tó bá ń yẹ àwòrán tí kámẹ́rà orí òkè ń yà wò lórí fóònù kí ó tó fọ ẹnu láàárọ̀, kì í ṣe yìnyín nìkan ló ń wá. Obìnrin wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Merrin Aldous lorúkọ obìnrin ọ̀hún. Ọkùnrin náà ni Fergus Pratley, oníṣègùn ojú ní Christchurch, ẹni tó gbà tọkàntọkàn pé bí òun bá ń fi síkì, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti máa yọ̀ lórí yìnyín, sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, ó yẹ kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ gbé tíì wọn kalẹ̀ kí wọ́n wò.

Ìdí okùn ni wọ́n ti pàdé, ní ìgbà òtútù èṣí. Òkè ẹgbẹ́ ni òkè tiwọn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ló ń pín gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀ ṣe, kò sì sí àga tó ń gbé ènìyàn gòkè. Okùn gígùn kan ló ń sáré lórí kẹ̀kẹ́, irin ìgbámú sì so mọ́ ìbàdí olúkúlùkù. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe yóò fi irin há okùn, okùn yóò sì wọ́ ọ lọ sókè. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n ń fi ṣe é. Fergus lo ọwọ́ kan, nítorí pé obìnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa àwọn ẹ̀ṣọ́ òkè ń wò ó.

Okùn fà á lójijì. Ẹsẹ̀ kan gba ọ̀tún, ìkejì gba òsì, Fergus sì fi ìdí jókòó sínú yìnyín.

"O ṣubú," ni obìnrin náà wí.

"Rárá o. Mo ń yẹ yìnyín wò ni."

"Ẹn-ẹ́n? Kí ló wá sọ fún ọ?"

"Ó ní òun tutù."

Merrin rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. Ní òkè ẹgbẹ́, kò sí ẹni tó ga ju abọ́ fífọ̀ lọ, oníṣègùn tàbí ẹni tó ń rẹ́ irun àgùntàn. Kí oòrùn tó wọ̀, Fergus ti bẹ ẹni tí iṣẹ́ kàn kí wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀, kí òun lè máa nu àwo tí Merrin bá fọ̀. Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tí ọ̀kan mú ọṣẹ, tí èkejì mú aṣọ ìnu-àwo, tí kò sì sí àwo kankan tó gbẹ dáadáa.

Wàyí o, ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ti kọjá lórí àwo yẹn. Fergus fẹ́ fẹ́ Merrin. Merrin fẹ́ràn Fergus. Ẹ ó ní kí ló wá kù? Ohun méjì ló kù. Èkíní, àwọn kan ní Kánádà ti fi iṣẹ́ lọ Merrin: kí ó wá máa bójú tó ilé kan lórí òkè, níbi tí àwọn tó ń rìn nínú yìnyín máa ń sùn, fún odidi ọdún méjì. Kí Oṣù Kẹwàá tó parí ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì. Merrin kì í sọ púpọ̀ nípa rẹ̀ nílé, kí ìyá rẹ̀ má baà sunkún. Èkejì ni pé Fergus ti pinnu pé lórí òkè, nínú yìnyín, lábẹ́ oòrùn, ni òun yóò ti kúnlẹ̀ bi í, ní ọjọ́ Àìkú ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́, tó máa ń bọ́ sí ìparí Oṣù Kẹwàá lọ́dọ̀ wọn. Ní apá ayé tiwọn, ìgbà ìrúwé ni Oṣù Kẹwàá. Yìnyín ń lọ.

"Yìnyín wo?" ni Des Aldous, bàbá Merrin, bi í, nígbà tí Fergus yà sọ́dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ ìsinmi náà. "Fergus, wo ìta. Ẹ̀fúùfù wo lò ń rí yẹn?"

Ẹ̀fúùfù gbígbóná tó ń ti àríwá ìwọ̀-oòrùn wá ni. Nílùú yẹn, bí ó bá fẹ́, ẹ̀fọ́rí yóò mú gbogbo ilé, ọkọ àti aya yóò sì máa bá ara wọn jà lórí ṣíbí. Lórí òkè, ó máa ń jẹ yìnyín bí ọmọdé ṣe ń jẹ ṣúgà.

"Yóò yí padà, Des. Ẹ̀fúùfù tútù láti gúúsù ń bọ̀. Mo ti wò ó."

"O ti wò ó." Des mu tíì rẹ̀. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n wò."

Tamsin, àbúrò Merrin, ń fi fóònù Fergus ṣeré lórí tábìlì. "Ẹ wò ó, ó ku funfun díẹ̀. Ó dà bíi pé ẹnì kan da mílíìkì sórí àpáta. Fergus, ṣé síkì lo máa gbé lọ àbí bàtà ìrìn?"

"Ìwọ ṣáà máa rẹ́rìn-ín."

"Mi ò rẹ́rìn-ín o. Mò ń ṣàánú àwọn àpáta ni."

Heather, ìyá wọn, wà lẹ́yìn ilé. Bí ìsinmi yẹn bá ti ń bọ̀, gbogbo ọgbà tó wà nílùú a máa gba tòmátò, Heather kì í sì í dúró di ọ̀la kí ó tó gbìn. Ó pe Fergus síta pé kí ó wá bá òun di igi tí wọ́n fi ń gbé tòmátò ró mú. Igi kò nílò dídìmú.

"Ọmọ mi," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, "Des ti sọ fún mi ohun tí o wá tọrọ. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n kí ni ti òkè nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ilé ìdáná nìyẹn. Ọmọ náà ń bọ̀ wá síbẹ̀ láti ibi iṣẹ́ kí o tó mu tíì kejì. Bi í níbẹ̀."

"Mo fẹ́ kó jẹ́ ohun tí yóò máa rántí, Heather."

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an ni pé kí àwọn ẹlòmíràn máa rántí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ìyàwó.

"Bí ó bá lọ, ọdún méjì ni," ni Heather wí, ó sì tẹ erùpẹ̀ mọ́ ìdí tòmátò gan-an ju bó ṣe yẹ lọ. "Àwọn tó bá lọ fún ọdún méjì kì í tètè dé. Tètè bi í."

Des náà ti jáde wá. "Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ ìyá yìí, inú garéèjì la wà. Mò ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Mo bi í, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó gbé sípánà lé mi lọ́wọ́, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ."

"Ayé ìgbà yẹn yàtọ̀, Des."

"Ó yàtọ̀ báwo? Sípánà náà ṣì wà níbí."

Merrin dé. Wọ́n jẹun, ẹ̀fúùfù ń mi fèrèsé. Nígbà tí Fergus fẹ́ máa lọ, Merrin sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Ó gbá irun kúrò lójú.

"Ferg, wọ́n tún pè mí láti Kánádà."

Fergus ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ padà. "Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan. Kí ló so ọ́ mọ́ ibí yìí?"

Ìdánwò ni Fergus pè é. Ó rò pé Merrin ń wò ó bóyá òun jẹ́ ẹni tó fìdí múlẹ̀, tí obìnrin lè fẹ̀yìn tì. Ó na ara dáadáa. "Ilé mi wà níbí. Iṣẹ́ mi wà níbí. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń ṣí kiri."

Merrin wo ilẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, olólùfẹ́ mi. Ìyókù di orí òkè, lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

"Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ níbí yìí ńkọ́?"

"Tọ́jú rẹ̀ dè mí. Jẹ́ ká rí yìnyín ná."

Ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu, ó sì wa ọkọ̀ lọ pẹ̀lú ayọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege. Ṣùgbọ́n kò sun oorun tó dára. Láàárọ̀, àwòrán orí òkè tún dín funfun. Lọ́jọ́ kejì ó tún dín. Bí aláìsàn bá jókòó síwájú rẹ̀ tó ní òun kò rí lẹ́tà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, Fergus a ní "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ojú rẹ̀ á sì tún lọ sára fóònù. Bí yìnyín bá tán, kí ni yóò sọ fún gbogbo àwọn tó ti sọ fún? Ó ronú nípa ìyẹn púpọ̀. Ó ronú nípa Kánádà náà, lẹ́yìn ìyẹn.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀fúùfù gúúsù dé. Òtútù sọ̀ kalẹ̀ lójijì, òjò ń rọ̀ ní ìlú, òjò dídì ń já sórí òkè. Fergus pe Des. Ó pe gbogbo ẹgbẹ́. "Ṣé mi ò sọ fún yín?" ni ó ń sọ fún olúkúlùkù, bíi pé òun ló lọ rán ẹ̀fúùfù náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Merrin pè é.

"Ferg, ṣé mo lè yà wá? Nísinsìnyí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù."

Fergus wà nínú garéèjì, ó ń yọ́ ìda sí ìsàlẹ̀ síkì kí wọ́n lè máa yọ̀ geere. Síkì méjèèjì ló fẹ́ kó máa dán. Ó sì mọ ara rẹ̀: bí Merrin bá wọlé pẹ̀lú ojú rẹ̀ yẹn, ẹnu òun ò ní gba ọ̀rọ̀ dúró, gbogbo ètò a sì bàjẹ́ nínú garéèjì, bíi ti Des.

"Ọkàn mi, ìda ti gbóná. Sọ́ńdè la ó sọ gbogbo rẹ̀. Yìnyín tuntun ti dé!"

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú gan-an ni."

"Ó dáa," ni Merrin wí. Ó sì fi fóònù sílẹ̀ kí Fergus tó sọ pé òun fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, ojú ọ̀run mọ́ gaara. Wọ́n lẹ awọ tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀ padà sẹ́yìn mọ́ ìsàlẹ̀ síkì, wọ́n sì gòkè láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n dé góńgó, ilẹ̀ le bí òkúta. Bí yìnyín ìgbà ìrúwé ṣe rí nìyẹn: òru ló ń mú kó dì, oòrùn ló ń mú kó rọ̀. Ẹni tó bá tètè sọ̀kalẹ̀ yóò yọ̀ dé orí àpáta. Ẹni tó bá pẹ́ jù yóò rì sínú ohun tó dà bí ògì. Nítorí náà, àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń jókòó dúró.

Wọ́n jókòó. Wọ́n jẹ páì ẹyin tí Heather dì fún wọn. Merrin kò jẹ tán.

"Ferg, ṣé o ní nǹkan láti sọ?"

Ó ní. Ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í kúnlẹ̀ sórí yìnyín tó le bẹ́ẹ̀. Orúnkún á yọ̀, a ó sì máa yọ̀ lọ pẹ̀lú ìbéèrè lẹ́nu. Ó ti bẹ ọ̀rẹ́ kan pé kí ó dúró pẹ̀lú kámẹ́rà ní ibi pẹrẹsẹ tó wà nísàlẹ̀ wọn.

"Jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀," ni ó wí.

Merrin bọ́ ìbọ̀wọ́, ó tẹ yìnyín, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó pẹ́, ó ní, "Ó ti rọ̀."

Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, Fergus ṣe é dáadáa. Síkì rẹ̀ ń kọrin lábẹ́ rẹ̀. Ní ibi pẹrẹsẹ ó dúró, ó kúnlẹ̀, ó sì nawọ́ síwájú bí ó ṣe ti ń kọ́ ọ níwájú dígí.

"Merrin, ọkàn mi. Fẹ́ mi. Má lọ sí Kánádà. Dúró tì mí."

Omi bọ́ lójú Merrin. Ayọ̀ ni Fergus kọ́kọ́ pè é.

"Mo fẹ́ràn rẹ, Fergus. Èmi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mo ti fún wọn lésì pé mò ń bọ̀, ní ọjọ́ Fráídè, lẹ́yìn tí mo pè ọ́."

"Pè wọ́n padà! Sọ fún wọn pé o yí ọkàn padà."

"Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí Tamsin. Ó ti fi ibi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀."

"Tamsin? Kí ni Tamsin ń wá nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

Merrin nu ojú rẹ̀. "Orúkọ rẹ ni mo kọ́kọ́ fún wọn, láti oṣù tó kọjá. Mo ń dúró kí o bi mí. Mi ò fẹ́ fi iṣẹ́ mú ọ. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé èmi lo fẹ́, kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà ọ́ kí n má lọ. Nígbà tí mo bi ọ́ ohun tó so ọ́ mọ́lẹ̀, o ka gbogbo rẹ̀ fún mi. Ní ọjọ́ Fráídè wọ́n ní àwọn ò lè dúró mọ́, mo sì fi orúkọ Tamsin rọ́pò tìrẹ."

Ọ̀rẹ́ tó mú kámẹ́rà ń juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n sún mọ́ra díẹ̀, kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Fergus ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Yìnyín ti rọ̀ gan-an lábẹ́ rẹ̀, omi ti ń wọ ṣòkòtò rẹ̀.

"Dúró ná," ni ó wí. "Orúkọ mi? Kí ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ mi ṣe?"

"Ilé yẹn jìnnà sí ibi gbogbo, Ferg. Wọn kì í gba ẹnì kan ṣoṣo síbẹ̀. Ènìyàn méjì ni wọ́n ń wá."