Káàdì Tí A Gé Lára Kàlẹ́ńdà

Aago kékeré náà dún kíríríri lórí àpótí ìdáná, Fàsílátù sì na ṣíbí ọbẹ̀ sí mi bí olùkọ́ tó mú pankẹ́rẹ́ dání.

"Àkókò ti tó. Omi?"

"Mizu."

"Iná?"

"Hi."

"Ẹsẹ̀?"

Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀. Ẹ̀wà ń hó lórí iná, ọ̀rọ̀ náà kò wá.

"Ashi," ni Fàsílátù wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "O ti pàdánù. Ìwọ lo máa fọ ìkòkò lónìí."

Bí a ṣe ń kọ́ èdè Japan nìyẹn, lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀ ní Zongo, ní Parakou, láyé ìgbà tí ìjọba ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kámáráàdì. A ó yí aago tó rí bí ẹyin adìẹ náà sí ogún ìṣẹ́jú. Kó tó dún, ọ̀rọ̀ mẹ́wàá gbọ́dọ̀ ti wọ orí wa. Mùsíyò Isobe ló fún wa ní aago náà. Òun ni ará Japan tó ń gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ fáwọn abúlé tó yí wa ká. Titirou ló ń gbé, ṣọ́ọ̀bù Àràmọ́tù, ìyá Fàsílátù, ló sì ti ń ra ìrẹsì àti ọṣẹ. Ó tún fún wa ní ọ̀bẹ kékeré kan tí a fi ń bó iṣu. O kàn máa fà á lára iṣu ni, èèpo á máa jábọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a sì ń du ẹni tó máa bó o nínú wa. Kódà àwọn igi tí ìyá rẹ̀ fi ń há aṣọ mọ́ okùn, Fàsílátù kọ ọ̀rọ̀ Japan kọ̀ọ̀kan sí wọn lára. Bí o kò bá mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, o kò gbọdọ̀ fi igi yẹn há aṣọ. Lọ́jọ́ kan, mo gbé ìró ìyá rẹ̀ dání títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ lọ́wọ́ mi.

Káàdì ló wá jẹ́ ọ̀gá gbogbo wọn. Mùsíyò Isobe ló kọ́kọ́ fi tirẹ̀ hàn wá: ìwé pélébé pélébé tí wọ́n dá ihò sí, tí wọ́n fi òrùka irin kan kó jọ. Ọ̀rọ̀ wà níwájú, ìtumọ̀ wà lẹ́yìn. Ó ní báwọn ọmọ ilé ìwé ilẹ̀ wọn ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, bí wọ́n bá jókòó sínú ọkọ̀ ojú irin. Àwa náà fẹ́ ṣe tiwa, àmọ́ a kò rí ìwé tó le. Èmi, Adéfúnkẹ́, ni mo sọ pé kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn bàbá mi. Bàbá mi, Olúfẹ́mi Akínbọ̀wálé, ọmọ Kétu ni, iṣẹ́ ìjọba ló gbé e wá sí Parakou, ilé wa sì wà ní Ladjifarani. Ẹgbẹ́ òṣèlú ìjọba ló máa ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ní kàlẹ́ńdà náà lọ́dọọdún. Ó le bíi pákó. Èmi ni mo yọ ọ́, èmi ni mo ká a sábẹ́ aṣọ mi gbé e wá sí Zongo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìràwọ̀ pupa àti ọ̀rọ̀ ìyípadà tí ìjọba ń pariwo kún iwájú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì funfun. A mọ̀ pé a kò gbọdọ̀ gé e. Nígbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé ìròyìn ìjọba wé àkàrà gan-an á kọ́kọ́ wo ọ̀tún, á wo òsì. Nítorí náà, bí a ti gé e tán, a lẹ ìwé funfun mọ́ gbogbo ibi tí ìràwọ̀ àti ọ̀rọ̀ náà wà. Àwa méjèèjì nìkan la mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin, Mùsíyò Isobe pè wá. Ó ní àwọn ará ilé iṣẹ́ òun yóò mú akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ sí Japan fún oṣù mẹ́sàn-án, kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ kànga ṣe. Ìdánwò yóò wà ní oṣù kẹfà. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti wọ̀ mí nínú. Fàsílátù ti mọ ẹgbẹ̀ta ọ̀rọ̀. Èmi kò mọ ọ̀ọ́dúnrún. Ó ń ràn mí lọ́wọ́, ó ń fi káàdì rẹ̀ kọ́ mi, èmi sì ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń là, mo ń sọ nínú ara mi pé, kí ló dé tí kì í ṣe èmi? Ọmọ oníṣọ́ọ̀bù. Ọmọ Zongo. Bí mo ṣe ń ro ó nìyẹn, mo sì tún ń jẹ ẹ̀wà ìyá rẹ̀. Ó rí mi lára títí dòní. Ẹ jẹ́ kí n tutọ́ ná.

Àpótí ẹ̀sùn kan wà nílé ìwé wa. Ẹnikẹ́ni tó bá rí ọ̀tá ìyípadà lè kọ ìwé síbẹ̀ láìfi orúkọ sí i. Kámáráàdì Sàrúmì, alága ìgbìmọ̀ ìyípadà ilé ìwé, ló ń tú u. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a ṣe ìdánwò, mo ju ìwé kan sínú rẹ̀ tí mo kọ sí pé: "Ẹ bó ìwé funfun tó wà lára káàdì Fàsílátù. Ẹ ó rí ohun tó gé." Mo sọ fún ara mi pé wọn á kàn gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Irọ́ ni. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó gbogbo wa jọ síwájú àsíá. Sàrúmì fi aṣọ tútù nu káàdì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Fàsílátù, ó bó ìwé funfun kúrò, ó sì ń tò wọ́n sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìràwọ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ ìyípadà jáde. Ìgbà tó to ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, ó kà á sókè: "A fi ta Kámáráàdì Akínbọ̀wálé Olúfẹ́mi lọ́rẹ."

Mo ti gbàgbé. Gbogbo kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń kọ orúkọ ẹni sí. Fàsílátù ló gé ìlà yẹn, n kò bojú wò ó. Mo fẹ́ fi ìwé kan ṣoṣo ti ọ̀rẹ́ mi ṣubú, bàbá mi ni mo fà lé wọn lọ́wọ́.

"Ta ló fún ọ ní kàlẹ́ńdà yìí?" Sàrúmì bi í.

Fàsílátù wò mí. Kò wò mí pẹ́.

"Orí ààtàn Ladjifarani ni mo ti gbé e. Afẹ́fẹ́ ló gbé e débẹ̀. Bàbá náà kò mọ nǹkan kan."

Ṣé mo sọ̀rọ̀? N kò sọ̀rọ̀. Mo dúró síbẹ̀ bí òpó. Wọ́n lé Fàsílátù kúrò nílé ìwé lójú gbogbo wa. Sàrúmì ní gbogbo ẹrù Japan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun ìjà amúnisìn ni, aago Japan sì ń dán lọ́rùn ọwọ́ òun náà bó ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n lọ kó aago ìdáná, wọ́n kó ọ̀bẹ ìbóṣu. Ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo kọjá níwájú bíróò rẹ̀, mo rí i tó gbé ẹsẹ̀ lé àga, ó ń fi ọ̀bẹ tí a fi ń bó iṣu ha gìgísẹ̀ rẹ̀. Ìdọ̀tí ẹsẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ fùlẹ̀fùlẹ̀. Mo fẹ́ bú u nínú mi, ni mo bá ronú pé, èmi àti ọkùnrin yìí, ta ló dọ̀tí jù?

Ọjọ́ ìdánwò pé. Èmi nìkan ni mo jókòó síwájú Mùsíyò Isobe. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Tomodachi wa doko desu ka?" Ó ń bi mí pé ọ̀rẹ́ mi dà. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà yé mi, nítorí Fàsílátù ló kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀.

"Kò fẹ́ mọ́," ni mo dáhùn.

Ó kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Nílé, bàbá mi ń jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo sọ fún un pé wọ́n ti mú mi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó wá ní, "Adéfúnkẹ́, múra. A máa lọ kí Fàsílátù. Bó bá dárúkọ ilé yìí lọ́jọ́ náà, àtìmọ́lé ni ẹ ò bá ti máa gbé oúnjẹ wá fún mi báyìí. Ọmọ náà ṣe mí lóore."

N kò lè gbé ẹsẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: ẹni tó yọ kàlẹ́ńdà, ẹni tó kọ ìwé, ẹni tó dákẹ́. Bàbá mi kò nà mí. Ó ti àwo oúnjẹ rẹ̀ sẹ́yìn, ó wò mí bí ẹni rí ìdin nínú ẹran.

"Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o," ló wí. "Dìde níwájú mi. Lọ sọ fún un, kí o sì lọ sọ fún òyìnbó Japan náà. Èmi fúnra mi yóò lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀."

Mo bá Fàsílátù níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Mo sọ ọ́ tán. Kò gbójú sókè.

"Mo ti mọ̀," ló wí. "Àwa méjì péré la mọ ohun tó wà lábẹ́ ìwé funfun yẹn. Èmi kò sọ ọ́. Ta ló kù?"

"O mọ̀, o sì gbà mí sílẹ̀?"

Ìgbà yẹn ló tó wò mí.

"Ta ló gbà ọ́ sílẹ̀? Bàbá rẹ ni mo gbà. Nígbà tí bàbá mi kú, òun ló mú mi lọ́wọ́ lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ìwé. Ìwọ? N kò rántí rẹ rárá lọ́jọ́ náà. Máa lọ sílé."

Mo lọ sí Titirou, mo jẹ́wọ́ fún Mùsíyò Isobe, ó fi gègé fa ìlà lé orúkọ mi. Bàbá mi lọ jẹ́wọ́ pé ilé òun ni kàlẹ́ńdà ti jáde. Wọ́n gbé e kúrò nípò rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí abúlé kan níbi tí kò ti mọ ẹnì kankan. Síbẹ̀, wọn kò gba Fàsílátù padà. Ìgbà tí ilé ìwé wọlé, ó ti gba Nàìjíríà lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀. Ọmọ Kútọnu kan ni wọ́n mú lọ sí Japan.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka èyí, ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Bí ẹnì kejì rẹ bá mọ̀wé jù ọ́ lọ, kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìlara kò ní sọ ẹgbẹ̀ta ọ̀rọ̀ rẹ̀ di tìrẹ. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ bàbá mi, àwọn méjèèjì sì ti dárí jì mí. Fàsílátù kò dárí jì mí, n kò sì dá a lẹ́bi.