Àmì Kékeré Abẹ́ Lẹ́tà

Orí bẹ́ǹṣì tó wà níta yàrá ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti bá olùkọ́ àgbà náà. Ó ti dákú, fóònù rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà lójú fóònù ọ̀hún: "Ẹ ní sùúrù. Ẹlòmíràn ló kàn." Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gba irú rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti kọṣẹ́ láti ọdún tó kọjá, ẹ̀rọ yẹn ló sì ń bá wọn ṣe é.

Ọkọ rẹ̀ kò pariwo. Ó mú ìwé kan lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, níbi tó kọ gbogbo ọjọ́ tó kan ìyàwó rẹ̀ sí, ó ní òun ò wá bá ẹnikẹ́ni jà. Kí wọ́n ṣáà dá àyè ìyàwó òun padà kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹ̀rọ náà yóò tún gba ènìyàn. Dókítà ti sọ fún un pé òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé obìnrin náà á rí ọ̀la bí aago mẹ́rin yẹn bá tún fò ó.

Ó-Rẹ̀-Mí ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pe ọ̀gá ọlọ́pàá tó gba ẹjọ́ náà, lẹ́yìn rẹ̀ ni o. Gbólóhùn yẹn ló máa ń sọ kó tó jókòó, òun náà ló máa ń sọ kó tó dìde. Ó mọ̀, kò kàn rí agbára tí òun yóò fi bínú ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń wo ojú àwọn tó ń purọ́, ó ti sú u débi pé kì í fẹ́ ju kí wọ́n tètè pa á tán lọ. Ó wo aago, ó rí i pé mọ́kànlá ti kọjá. Ó ní, "Ó rẹ̀ mí," ó sì dìde.

Dókítà àgbà ṣàlàyé fún un pé nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ èèyàn ló ń pín àyè, ojúsàájú ò jẹ́ kí ara ó rọ ẹnikẹ́ni. Ni wọ́n bá ní kí ilé iṣẹ́ kékeré kan tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù oògùn bá wọn kọ ìránṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà kan tí kò ní ẹbí, tí kò ní ọ̀rẹ́. Ta-Ló-Kàn ni wọ́n sọ ọ́. Aláìsàn á fi orúkọ ránṣẹ́ sí i, á tò wọ́n bí wọ́n ṣe dé àti bí àìsàn wọn ṣe le sí, á wá fi nọ́ńbà tó ń ṣí ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí ẹni tó kàn. Kọ̀ǹpútà méje ní ilé méje ló ní ẹ̀dà rẹ̀, kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀gá èkejì. Bí ọ̀kan bá purọ́, mẹ́fà tó kù á tú àṣírí rẹ̀.

Ó-Rẹ̀-Mí ní kí dókítà kúkú ṣí ẹ̀rọ náà fún obìnrin yìí.

"Mi ò lè ṣí i, ọ̀gá," ni dókítà dáhùn. "Ohun tá a bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn, pé kí èmi pàápàá má lè ṣí i."

Ó-Rẹ̀-Mí ti rí àwọn tó ti ara wọn mọ́lé rí, ṣùgbọ́n kò tíì rí èyí tó fi ìwé tó kà ṣe é. Ó kí dókítà pé ó kú iṣẹ́, ó sì jáde.

Ọ̀dọ́mọbìnrin tó kọ Ta-Ló-Kàn, Onígíláàsì ni wọ́n ń pè é. Ó ti mọ̀ pé ẹnì kan ti tọwọ́ bọ̀ ọ́ kí ọlọ́pàá tó dé, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ó ní Páítọ̀n, èdè kan tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́, lòun fi kọ ọ́. Ó-Rẹ̀-Mí bi í bóyá ejò yẹn náà ni. Ó ní orúkọ lásán ni. Ọ̀gá ọlọ́pàá ní kò burú, tí kò bá ti lè bu èèyàn jẹ.

Ó ti bu èèyàn jẹ ná. Onígíláàsì fi ìlà mẹ́ta hàn án tí kì í ṣe òun ló kọ ọ́: bí orúkọ obìnrin aránṣọ kan tó wà lára àwọn aláìsàn bá ti dé, kí Ta-Ló-Kàn gbé e síwájú gbogbo ènìyàn. Kọ̀ǹpútà méjèèje gbà á nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ lo ọ̀rọ̀ àṣírí wọn. Lẹ́yìn náà ló wá fi ọ̀rọ̀ àṣírí tuntun tì í pa. Láìsí tuntun yẹn, kò sẹ́ni tó lè yọ ìlà kankan.

"Ibo lẹ kọ ti àtijọ́ sí?"

Onígíláàsì nawọ́ sí ìwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Kí a má bàa gbàgbé ni, sà."

Ẹni mẹ́ta ló ń wọ yàrá iṣẹ́ Onígíláàsì: òun alára; nọ́ọ̀sì tó ń gbé ìwé àwọn aláìsàn wá lọ́jọọjọ́ Ajé; àti Bàbá Táípíìsì, arúgbó tó fi ogójì ọdún tẹ ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba, tó wá ń bá wọn kọ àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ Ta-Ló-Kàn tó sì ń fi àmì sí wọn. Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ẹnu ti dá lẹ́bi, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni aránṣọ náà.

"Òun ló rán aṣọ tó wà lọ́rùn mi yìí," ni nọ́ọ̀sì wí, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. "Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ gbè é, ṣé orúkọ rẹ̀ gàdàgbà ni màá kọ síbẹ̀ kí gbogbo yín lè rí i? Èmi kọ́ ni mo forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gan-an. Ó ní bàbá àgbàlagbà kan ló bá òun fi ránṣẹ́, oníbàárà òun ni."

Bàbá Táípíìsì ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò mọ̀ ju àmì lọ. "Ọmọ mi," ló pe ọ̀gá ọlọ́pàá. "Ọmọ mi" ló pe nọ́ọ̀sì àti Onígíláàsì pẹ̀lú.

Ó-Rẹ̀-Mí ní ojú òun ò gba kíka ìwé àfọwọ́kọ mọ́, kí oníkálukú tẹ ohun tó mọ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ó jókòó tì wọ́n, ó dijú, àfi bíi pé ó sùn. Etí rẹ̀ ò sùn. Kíbọ́ọ̀dù àwọn obìnrin méjèèjì ń dún ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́ geere. Ti Bàbá Táípíìsì ń tàsé, ó ń dún lẹ́ẹ̀mejì níbi tó yẹ kó dún lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí àwọn méjì yòókù jáde, ó ní kí Onígíláàsì ka lẹ́tà inú orúkọ aránṣọ nínú ìlà mẹ́ta yẹn. Ó kà á, ó ní mẹ́sàn-án.

"Má fojú kà á. Jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kà á."

Ẹ̀rọ ní mọ́kànlá. Orúkọ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún aránṣọ, ẹ̀rọ ní mọ́kànlá. Orúkọ kan náà bí nọ́ọ̀sì ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ ní mẹ́sàn-án. Onígíláàsì bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó jókòó.

Aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n pe Bàbá Táípíìsì wọlé. Ó-Rẹ̀-Mí kò gbóhùn sókè.

"Bàbá, àwọn ọmọ ìsinsìnyí, bọ́tìnì kan ni wọ́n ń tẹ̀, lẹ́tà ọ á jáde tòun tàmì abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin, lẹ́tà o lásán lẹ kọ́kọ́ máa ń tẹ̀, ẹ ó wá padà fi àmì sí i nídìí, bí ẹ ṣe ń ṣe é lórí ẹ̀rọ àtijọ́. Lójú èèyàn, bákan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, lẹ́tà méjì ni. Nínú ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ lónìí, 'ọmọ' ti nọ́ọ̀sì jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta. 'Ọmọ' tiyín jẹ́ márùn-ún. Ọwọ́ yín náà ló kọ ìlà mẹ́ta yìí, ọwọ́ yín náà ló forúkọ aránṣọ sílẹ̀."

Arúgbó náà wo kíbọ́ọ̀dù, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Èmi ni mo kọ́ Bàbá ní Páítọ̀n," ni Onígíláàsì wí wẹ́rẹ́. "Wọ́n ní ó wu àwọn láti mọ̀ ọ́n."

"Mo rò pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò gbé e síwájú," ni Bàbá Táípíìsì sọ.

"Ẹ ò sọ fún un pé kó dúró, Bàbá. Gbogbo ìgbà tó bá ti rí orúkọ yẹn ló ń ṣe é."

"Mo rí aránṣọ nígbà tó ń ti ilé ìwòsàn bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fúyẹ́. Mi ò wá lè yọ ọ́ mọ́."

Ó-Rẹ̀-Mí béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fẹ́ wí i. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọmọ mi." Wọ́n rò pé Onígíláàsì ló ń pè. Onígíláàsì fúnra rẹ̀ ló yé pé ọ̀rọ̀ àṣírí náà nìyẹn, ó tẹ 'ọmọ mi', ẹ̀rọ kọ̀. Ó tún un tẹ̀, ẹ̀rọ tún kọ̀.

"Ọwọ́ tirẹ kọ́ ló tì í," ni ọ̀gá ọlọ́pàá wí. "Bàbá, ẹ bọ́ síbí."

Bàbá Táípíìsì fa àga. Ó tẹ o, ó fi àmì sí i nídìí. Ó tẹ m. Ó tẹ o, ó fi àmì sí i nídìí. Ó fi 'mi' parí i. Kọ̀ǹpútà ṣí. Òun fúnra rẹ̀ ló pa ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́, ó ń sunkún láìdún.

Ó-Rẹ̀-Mí bi í bóyá aránṣọ mọ ẹni tí Bàbá jẹ́ sí i. Ó ní kò mọ̀. Kí wọ́n tó bí i ni òun ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ò mọ nǹkan kan nípa oyún náà. Láti ọdún mẹ́fà ni òun ti ń gbé ṣòkòtò tí kò ya lọ fún un pé kó bá òun tún un rán.

Àánú rẹ̀ ṣe Ó-Rẹ̀-Mí, inú sì tún bí i, ó sì rẹ̀ ẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní wọ́n á gba ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kọjá kí wọ́n tó dé àgọ́, kó lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Aránṣọ wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n wọlé. Ó ti lé ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Ní ilé ìwòsàn, fóònù ọkọ olùkọ́ àgbà dún, nọ́ńbà wọlé, wọ́n ń ti ìyàwó rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀rọ. Níbí náà fóònù dún. Aránṣọ kà á sókè fún oníbàárà rẹ̀ arúgbó, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà tí kò tíì lè la ẹnu: "Ẹ ní sùúrù. Ẹlòmíràn ló kàn." Bàbá Táípíìsì ló kọ gbólóhùn náà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ta-Ló-Kàn sílẹ̀, òun ló sì fi gbogbo àmì rẹ̀ sí i.