Búlúù Orí Ère Táyé

Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, orí ère Táyé ti di búlúù, ó sì ń dán bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde nínú iná. Bẹ́ẹ̀ rèé, ìyàwó mi kò dáná nílé láti àárọ̀.

Mọ́kọ́lá ni à ń gbé nígbà náà, ní ọdún kejì òmìnira. Ring Road ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí Ọ̀gbẹ́ni Olúrótìmí ti ń fi amọ̀ ṣe àwo àti ife. Èmi ni mo ń po amọ̀, èmi náà ni mo ń kó igi sí ààrò ńlá tí a fi ń sun wọ́n. Ìyẹ̀fun dúdú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kóbáàtì. Bí ọ̀gá bá fi kun àwo, ẹ ó rò pé èédú ni. Ṣùgbọ́n tí iná bá jó o dáadáa, yóò di búlúù tí omi àti ọṣẹ kò lè ṣí kúrò.

Ìbejì ni Láwùmí ìyàwó mi bí. Táyé kú ní kékeré, a sì gbẹ́ ère rẹ̀, kí inú rẹ̀ lè dùn, kí ó má baà wá pe Kẹ́hìndé. Láwùmí ń wẹ ère náà, ó sì ń fi búlúù ìfọṣọ kun irun rẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Gbogbo ìgbà tí ó bá ti wẹ̀ ẹ́ ni búlúù náà ń ṣàn lọ. Ó ń dùn ún.

“Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi tọrọ èyí tí kì í ṣí lọ́wọ́ ọ̀gá yín.”

Ọ̀gá bu díẹ̀ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín. “Láìsí iná, dúdú ló máa wà o. Àbí ẹ fẹ́ ti igi bọ ààrò ni?”

Láwùmí kò bìkítà. “Kò burú. Irun ọmọ mi dúdú tẹ́lẹ̀.” Ó fi òrí pò ó, ó fi pa orí ère náà, ó sì gbé e padà sí ẹ̀gbẹ́ ẹní Kẹ́hìndé.

Òun ni mo bá tí ó ti yí padà yìí. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù. Aṣọ kékeré ọrùn rẹ̀ kò tilẹ̀ ní òórùn èéfín.

“Ìyá Ìbejì, ta ló gbé e súnmọ́ iná?”

“Iná wo? Ẹ̀kọ tútù la jẹ lónìí.”

Kẹ́hìndé sùn sílẹ̀, ó dojú kọ ère náà. Mo gbé ọmọ náà mọ́ra. Ooru ara rẹ̀ jó mi lọ́wọ́ bí ìlẹ̀kùn ààrò.

“Bàbá,” ó ní, “òtútù ń mú mi.”

Láwùmí gbá ère náà mú. Ó fi kànìnkànìn ha orí rẹ̀ títí èékánná rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀. “Táyé, jọ̀ọ́. Jọ̀ọ́, má mú ẹ̀gbọ́n rẹ lọ.” Búlúù náà kò ṣí.

A gbé Kẹ́hìndé dé ọsibítù. Kò bá wa padà wálé. Nọ́ọ̀sì ní ibà ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí a sin ín, a lọ bá Bàbá Adégbénró ní Ṣàngó, agbẹ́gilére tí ó gbẹ́ ti Táyé, pé kí ó bá wa gbẹ́ èkejì. A kò tíì jókòó tí ó fi wọ yàrá, tí ó gbé e jáde. Ó ti gbẹ́ ẹ tán, ó ti fi osùn kùn ún.

“Bàbá, ta ló wí fún yín?”

“Ọmọ yín ni. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí ní ọ̀sán gangan. Ó ní Táyé ni òun, ó ní kí n gbẹ́ ti ẹ̀gbọ́n òun sílẹ̀, ẹ̀ ń bọ̀ wá gbà á.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ta ni mo fẹ́ lọ sọ ọ́ fún?”

Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, Kẹ́hìndé ṣì ń sáré kiri nínú àgbàlá wa.

Mo fẹ́ kígbe. Láwùmí di ọwọ́ mi mú, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà.

“Bàbá, ṣé ó sanra? Ṣé ó ti jẹun?”

“Mo fún un ní àkàrà, kò fẹnu kàn án. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dé ibẹ̀, òun kò tíì jẹun. Ó ní òun ń dúró de ẹ̀gbọ́n òun, kí àwọn lè jọ jẹ.”